Àgbà Kì Í Tijú Ẹ̀kọ́: Ẹ Jẹ́ Ká Tún Mọ́tò Wíwà Kọ́

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù wa ní Kétu

    

Ìyálọ́jà ní kí n sọ̀rọ̀ níwọ̀nba, kí n má pẹ́, nítorí àwọn tó fi ọjà sílẹ̀ fún ọmọdé. Mo ní mo gbọ́. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà, èdè tí mo fi ń ná ọjà náà ni mo máa fi sọ̀rọ̀. Wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé ẹgbẹ́ kí àwọn tí kò lè wá lónìí lè rí i kà. Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ fojú fò ó.

Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan ná. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ wa mọ́tò wá sọ́jà, kó nawọ́ sókè. Ẹ wò ó, ọwọ́ pọ̀. Ẹni tó bá ti lé ní 60 ọdún nínú wa, kó jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ wà lókè. Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ o, a mọ ọjọ́ orí ara wa! Ó dáa. Ẹni tó bá ti padà lọ kọ́ mọ́tò wíwà láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì, kó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Ẹ rí i báyìí? Ọwọ́ tèmi nìkan ló kù. Èmi náà, ọdún tó kọjá ni mo tó lọ. Ohun tó gbé mi lọ síbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọdún 1992 ni mo kọ́ mọ́tò. Ọmọ ọdún 33 ni mí. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀yin tí a jọ bẹ̀rẹ̀ mọ ìyà tó jẹ wá. Wàá ra tòmátò ní Mile 12 ní aago mẹ́rin àárọ̀, wàá dúró de ọlọ́kọ̀ títí oòrùn á fi là. Ẹni tó bá ọ ṣàdéhùn lánàá ti gbé ẹrù ẹlòmíì torí pé ìyẹn fi owó lé e. Kí o tó gbé e dé Kétu, èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ti ń ṣomi. Ìwọ lo ni owó, ìwọ lo ni ọjà, ẹlòmíì ló ń sọ fún ọ ìgbà tí wàá dé ìsọ̀ rẹ. Ó sú mi. Mo kó àjọ, mo fi ra Datsun píkọ́ọ̀pù kan tó ti gbó, dírẹ́bà ládùúgbò wa kan sì kọ́ mi ní mọ́tò lọ́sẹ̀ mẹ́ta lórí pápá.

Láìpẹ́ sígbà náà ni mo dá nìkan wa mọ́tò láti Mile 12 wá sí Kétu. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Mo sọ gíláàsì kalẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, apẹ̀rẹ̀ tòmátò mẹ́jọ wà lẹ́yìn mi, kò sí ẹni tó ń sọ fún mi pé ibí ni máa yà, ibẹ̀ ni máa dúró. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kọrin! Nígbà tí mo yí jíà láti kejì sí ìkẹta tí kò dún gbàgbà, inú mi dùn ju ẹni tó jèrè lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò rí ohun tó dà bíi kí n jókòó sídìí sítíárìn. Bí wàhálà ilé bá wà, bí gbèsè bá wà, tí mo bá ti ṣáná sí mọ́tò, ọkàn mi á rọlẹ̀. Mo mọ ohùn ẹ́ńjìnnì mi bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé kò rí bẹ́ẹ̀ lára yín?

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé èmi ni mo fẹ́ kí àgbàlagbà obìnrin má wa mọ́tò mọ́. Rárá o. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà òjò, ní nǹkan bí aago méje alẹ́, mo ń fi rìfáàsì jáde lẹ́yìn ọjà. Sienna ni mo ń wà báyìí. Òjò ti pa gíláàsì ẹ̀yìn, apẹ̀rẹ̀ òfìfo tí mo kó sẹ́yìn sì dí èyí tó kù. Mo so gèlè. Iná mọ́tò kan tó dúró níwájú tàn sí mi lójú, mi ò rí nǹkan kan, àmọ́ mo ní ṣebí mo mọ ibẹ̀, mo ti ń gba ibẹ̀ jáde láti ọjọ́ yìí. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni "Màmá! Màmá! Màmá!" àti ẹni tó ń fọwọ́ gbá ẹ̀yìn mọ́tò.

Ọmọ alábàárù ni. Kò lè ju ọmọ ọdún 14 lọ. Ó ru agbada tòmátò oníbàárà, ó ń kọjá lẹ́yìn mi. Mọ́tò mi kàn án nítan, agbada já bọ́, tòmátò fọ́n sínú ẹrẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ọlọ́run ló yọ mí, ọmọ náà ò fara pa. Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé òun ló ń bẹ̀ mí. Ó ní "Màmá, ẹ má bínú." Èmi tí mo fẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa, òun ló ń bẹ̀ mí. Mo san owó tòmátò náà, mo fún un lówó, mo wọ mọ́tò, mo sunkún dé ilé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ìtìjú wà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò sọ fún ọkọ, mi ò sọ fún ọmọ, mi ò sọ fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìdí ni pé mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní màmá ti dàgbà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ o. Nínú wa níbí, àwọn kan wà tí wọ́n ti ha mọ́tò mọ́ géètì, tí wọ́n ní ọlọ́kadà ló há a. Àwọn kan wà tí wọ́n ti sáré wọ ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n ní Ọlọ́run ló yọ wọ́n, tí wọn ò sì sọ fún ẹnì kankan. A ń pa á mọ́ra nítorí a ò fẹ́ kí wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ wa. Ohun tí a sì ń pa mọ́ra yẹn ló máa pa ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ mi rí ibi tí ẹ̀yìn mọ́tò ti tẹ̀ wọnú díẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé lé mi lórí. Àkọ́bí mi ní, "Màmá, ẹ ti ṣe tó. A máa gba dírẹ́bà fún yín." Mo bínú. Mo ní ṣé owó dírẹ́bà ni màá máa fi èrè ọjà san? Ṣé màá tún padà máa dúró de ẹni tó máa sọ fún mi pé òun ti ń bọ̀? Ọ̀rọ̀ náà ń di ariwo, ni àbíkẹ́yìn mi bá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ kọ́ mọ́tò kẹ́yìn?" Mo ní 1992. Ó ní, "Láti 1992, ṣé ọ̀nà ò yí padà? Ṣé mọ́tò ò yí padà? Ṣé ẹ̀yin náà ò yí padà?" Mi ò lè dá a lóhùn. Mo sùn lórí ọ̀rọ̀ náà, mo jí lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọdún 1972. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Láti ayé òyìnbó, apá òsì ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó yí wa ká, Dahomey tó di Benin báyìí, Niger, Cameroon, apá ọ̀tún ni tiwọn. Nígbà ìjọba Gowon, wọ́n ní ká bọ́ sí ọ̀tún. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni ó sì bọ́ sí. Mo ṣì wà nílé ìwé. Ṣe la ń kọ́ bí a ó ṣe sọdá títì, pé ibi tí a ti ń kọ́kọ́ wò tẹ́lẹ̀ ti yí padà. Ẹ rò ó wò. Dírẹ́bà tó ti fi 20 ọdún wa lọ́rì, tó ti gba Èkó lọ Kánò láìmọye ìgbà, ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó di ọmọ ẹ̀kọ́. Ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́, dókítà àti dírẹ́bà, gbogbo wọn ló tún mọ́tò wíwà kọ́. Kò sẹ́ni tó fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, torí gbogbo ìlú ló jọ ń kọ́ ọ. Ghana náà ṣe tiwọn ní ọdún 1974.

Kò pẹ́ sí i, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, wọ́n pààrọ̀ owó. Pọ́n-ùn àti ṣílè lọ, náírà àti kọ́bọ̀ dé. Àwọn ìyá wa tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣé wọ́n pa ọjà tì? Wọ́n kọ́ ọ. Àwa náà ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú, tí oníbàárà ń sọ pé "Màmá, ẹ mú nọ́ńbà àkáǹtì wá," ta ni nínú wa tó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀? A jókòó ti ọmọ ọmọ wa, wọ́n kọ́ wa, a mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé mọ́tò nìkan, tó lè gba ẹ̀mí, ni a rò pé a kọ́ tán nígbà tí a wà lọ́mọge?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba ilé ẹ̀kọ́ mọ́tò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, "Màmá, ọmọ yín ni ẹ fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀?" Mo ní èmi ni. Ó wojú mi. Mo ní mo ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó bí ọ, àmọ́ kí o kọ́ mi bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Òwúrọ̀ mẹ́fà ni mo lọ, aago mẹ́fà sí méje, kí n tó lọ sọ́jà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó kan wa jù.

Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀. Àwa tí a fi mọ́tò oníjíà kọ́ṣẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì la ń lò, òsì fún kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀tún fún bíréèkì àti iná. Nígbà tí a wá bọ́ sórí èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, púpọ̀ wa kàn gbé ẹsẹ̀ òsì lé bíréèkì. Èmi náà ń ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ewu ńlá ni, pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá bà mí lójijì, ẹsẹ̀ méjèèjì ni máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni kó ṣiṣẹ́, kí òsì sinmi. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kọ́ ìyẹn nìkan. Ẹsẹ̀ àgbà lágídí!

Èkejì, bíréèkì. Wọ́n kọ́ wa nígbà yẹn pé tí ilẹ̀ bá ń yọ̀, ká máa tẹ bíréèkì, ká máa tú u, ká máa tẹ̀ ẹ́, ká máa tú u. Ó tọ́ fún Datsun mi. Àmọ́ mọ́tò tó ní ABS ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀. Bí ewu bá dé, ṣe ni kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí o má tú u. Bíréèkì á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, má jáyà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá tiyín ní i.

Ẹ̀kẹta, àlàfo. Ó ní kí n wo òpó iná kan níwájú. Tí mọ́tò tó ṣáájú mi bá ti kọjá níbẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Tí mo bá dé ibi òpó náà kí n tó kà á tán, mo ti sún mọ́ ọn jù. Mo ní níbo ni wọ́n ti ń rí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ní Kétu, àbí dáńfó ò ní wọ̀ ọ́ ni? Ó ní kí dáńfó wọ̀ ọ́, kí n tún fà sẹ́yìn. Ó ṣe ìṣirò kan fún mi: tí mo bá ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tí òfin gbà láàárín ìlú, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, mo ti lọ nǹkan bíi mítà 14. Tí mo bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, mítà 28 nìyẹn. Tí ìsọ̀ kan bá jẹ́ mítà mẹ́ta, mo ti kọjá níwájú ìsọ̀ mẹ́sàn-án láìwojú. Ẹ wo láìnì yín, ẹ ka ìsọ̀ mẹ́sàn-án, kí ẹ wo iye ọmọ tó ń sáré níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà. Nígbà tí mo kọ́ mọ́tò, kò sí LASTMA, ọdún 2000 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kò sí ọ̀nà BRT. Ọdún 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Mile 12 lọ sí CMS, ọdún 2015 ni wọ́n sì nà án dé Ìkòròdú. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 dé lẹ́yìn tí púpọ̀ wa ti gba láísẹ́ǹsì. Ẹ tún jẹ́ n jẹ́wọ́: láísẹ́ǹsì mi àkọ́kọ́, ẹnì kan ló bá mi gbà á, ẹnikẹ́ni ò dán mi wò. Ẹ̀rín yín yẹn ti sọ tiyín náà fún mi. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àmì tó wà létí títì, ọgbọ́n orí la fi ń kà á. Títí di ọdún tó kọjá, mi ò mọ̀ dájú ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kọjá ní ráńdábáòtù. Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ló yẹ kó dúró de ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì. Èmi, ẹni tó bá fọn fèrè jù ni mo máa ń jẹ́ kó lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ìmúra wa. Ẹ má bínú o, gèlè tó rẹwà, lẹ́yìn tí a bá dé ibi ayẹyẹ ni ká wé e. Ó ń dí ojú ẹ̀gbẹ́. Ìró tó gùn máa ń wé mọ́ ẹsẹ̀. Sílípáàsì máa ń yọ lẹ́sẹ̀, ó sì máa ń há sábẹ́ bíréèkì. Ẹ wá bàtà pẹlẹbẹ kan sínú mọ́tò. Àwa onítòmátò àti ọlọ́sàn, ẹ má kó ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó dírẹ́bà. Ọsàn kan ṣoṣo tó yí lọ sábẹ́ bíréèkì, ó tó bàjẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ ga dé ibi tí kò ní jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀yìn. Tí ẹ bá fẹ́ fi rìfáàsì jáde lọ́jà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, ẹ rìn yí mọ́tò ká, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ kan dúró lẹ́yìn kó máa júwe. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni.

Ẹ̀kẹfà, táyà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin pa pọ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tẹ tòmátò wò kí ẹ tó rà á, ẹ ń ra táyà tókunbọ̀ láìwo ọjọ́ orí rẹ̀!

Lẹ́yìn òwúrọ̀ mẹ́fà náà, olùkọ́ mi ní, "Màmá, ọwọ́ yín dáa, ojú yín ni mi ò mọ̀." Ó ní kí n lọ yẹ ojú wò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n ní awọ funfun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú ọ̀tún mi díẹ̀díẹ̀, òun ló fà á tí iná mọ́tò fi máa ń fọ́n káàkiri lójú mi lálẹ́. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé bí èèyàn bá ti ń dàgbà, ihò ojú máa ń kéré sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé máa ń dín kù, tí iná bá sì tàn sí wa lójú, ó máa ń pẹ́ kí ojú tó padà sípò. Ó tún sọ̀rọ̀ àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀. Kì í dùnni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń kọ́kọ́ jí gbé, ẹni tó ní i kò ní mọ̀. Ohun tó bá sì ti jí lọ, a kì í rí i gbà padà mọ́, àmọ́ tí wọ́n bá tètè rí i, oògùn wà tí kò ní jẹ́ kó burú sí i. Ẹ lọ yẹ ojú yín wò o, kí ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn yín.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà nínú wa, kó bi dókítà rẹ̀ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, torí àìsàn náà lè mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí èèyàn má mọ̀ bóyá bíréèkì ló ń tẹ̀ tàbí iná. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn ọ̀fìnkìn, kó bèèrè bóyá ó ń kunni lóorun. Piriton kékeré yẹn lè mú èèyàn sùn nídìí sítíárìn.

Ẹ má rò pé Èkó nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà. Ní Jàpáàn, ẹni tó bá ti pé 70 ọdún gbọ́dọ̀ lọ jókòó gba ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó tún láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe, ẹni 75 yóò sì ṣe ìdánwò ìrántí. Ní ìlú òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù, láti 70 ọdún lọ, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe. Ọkọ Ọbabìnrin wọn, Prince Philip, wa mọ́tò títí ó fi di ẹni ọdún 97. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, òun àti mọ́tò mìíràn forí gbárí, tirẹ̀ dojú dé, obìnrin kan nínú èkejì dá lọ́rùn ọwọ́, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sì wà nínú mọ́tò náà, Ọlọ́run yọ ọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ó fi láísẹ́ǹsì rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ ọba ni o. Ọjọ́ orí kò mọ ààfin.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni alága àkọ́kọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn dírẹ́bà, LASDRI, níbi tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ jẹun ti ń lọ tún ẹ̀kọ́ ṣe. Ẹ̀yin ìyá, bí dírẹ́bà dáńfó tí a ń bú lójoojúmọ́ bá ń padà lọ kọ́ ọ, àwa ńkọ́? Láísẹ́ǹsì ọlọ́dún mẹ́ta tàbí ọlọ́dún márùn-ún la ń gbà. Tí a bá ti ń tún káàdì ṣe, ẹ jẹ́ ká tún ọwọ́ náà ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Obìnrin ni wá, ẹ má gbàgbé ibi tí a ti ń bọ̀. Màmá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tó ṣáájú àwọn ìyálọ́jà Abẹ́òkúta ja ìjà owó orí títí Aláké fi sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè ní 1949, wọ́n ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Abẹ́òkúta. Àwọn kan ti forí la ọ̀nà yìí kí àwa tó rí i gbà. Ẹ má jẹ́ ká fi àìbìkítà sọ ọ́ nù, kí àwọn ọmọkùnrin wa wá máa sọ pé ṣebí obìnrin ni.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó nira. Lẹ́yìn tí mo yẹ ojú wò, èmi fúnra mi fi òfin de ara mi. Mi ò wa mọ́tò mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àti nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo máa fi mọ́tò sílẹ̀ lọ́jà, mo máa wọ BRT bí ọmọlúàbí. Ó dùn mí o. Alẹ́ ni mo fẹ́ràn jù láti máa wakọ̀, nígbà tí títì bá tutù. Àmọ́ mo fi alẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀sán lè kù fún mi. Ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí ọ̀sán náà á lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní láìnì ẹlẹ́lùbọ́, ẹ mọ̀ wọ́n, ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Wọ́n pe àwọn ọmọ wọn jọ, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì fúnra wọn, wọ́n ní, "Mo ti wà á tó, mi ò tẹ ọmọ ẹnikẹ́ni pa, ẹ bá mi dúpẹ́." Ẹnì kankan ò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ dìde kí wọ́n o, ẹ pàtẹ́wọ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló wù mí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ọjọ́ náà ti ń sún mọ́lé? Tí àmì tuntun bá ń yọ lára mọ́tò tí o kò mọ ibi tó ti wá. Tí wọ́n bá ń fọn fèrè mọ́ ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí o bá ṣìnà lójú ọ̀nà tí o ti ń gbà láti ọdún yìí wá. Tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ kò bá fẹ́ wọ mọ́tò rẹ mọ́. Ọmọdé kì í parọ́ ìyẹn. Tí o bá rí méjì nínú rẹ̀, sọ fún ẹnì kan.

Ohun tí ìgbìmọ̀ wa fẹnu kò lé lórí nìyí. Èkíní, ẹni tó bá fẹ́ tún mọ́tò wíwà kọ́, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Tí a bá ti pé mẹ́wàá, a máa bá ilé ẹ̀kọ́ mọ́tò tó ní ìwé àṣẹ dúnàádúrà, owó ọjà púpọ̀ kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú owó ẹyọ kan. Ẹni tí owó kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, a ó yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú àjọ. Èkejì, a máa kọ̀wé sí àwọn Road Safety kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ níbí, ní èdè Yorùbá. Ẹ̀kẹta, gbogbo ẹni tó bá lé ní 60 tó ń wa mọ́tò, kó yẹ ojú wò kí ọdún yìí tó parí. Ẹ̀kẹrin, èyí ni mo bẹ̀ yín fún jù: ẹni tó bá sọ pé ohun ti kọ lu nǹkan, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kó lè sọ ọ́ níbí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ àgbà náà gbọ́dọ̀ rí ọmọ ọ̀hún kó tó lè tún orí rẹ̀ ṣe.

Kí ẹ kọ nọ́ńbà yìí sára gíláàsì mọ́tò yín: 122 ni ti Road Safety, 767 tàbí 112 ni ti pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó.

Mo ti parí. Ọmọ alábàárù ọjọ́sí ṣì ń rù lọ́jà wa. Tó bá rí mọ́tò mi, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń sáré bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ibẹ̀ dáa!" Òun ló ń júwe rìfáàsì fún mi báyìí. Mo máa ń fún un ní owó oúnjẹ, àmọ́ ohun tó fún mi ju owó lọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa pa ọmọ ọlọ́mọ. A ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Mọ́tò wa ò ní di pósí wa. Àlọ ire, àbọ̀ ire. Ajé á wá o.